Wíwọn Aláìsàn Láìfọwọ́kàn Án: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ló ti ń lo ẹ̀rọ tó ń wọn ìgbóná ara, lílù ọkàn àti mímí láìsí okùn lára aláìsàn, láìsí àlẹ̀mọ́ láyà rẹ̀. Mo kọ ìdáhùn wọ̀nyí fún aláìsàn, fún ẹni tó ń dúró ti èèyàn rẹ̀ lórí ibùsùn, àti fún òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́. Kókó kan ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀: kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó rí inú ara. Ooru, ìmọ́lẹ̀ àti mímì tó wà lójú ara ni wọ́n ń rí. Ìyókù, ìṣirò ni. Ẹni tó bá mọ ohun tí ẹ̀rọ rí gan-an ló máa mọ ìgbà tó yẹ kó gbà á gbọ́ àti ìgbà tó yẹ kó tún un wò.

Kí ni àwọn ẹ̀rọ yìí lè wọ̀n, kí sì ni wọn kò lè wọ̀n?

Wọ́n lè wọn ìgbóná ara, iye ìgbà tí ọkàn ń lù, iye ìgbà tí èèyàn ń mí, àti bí ara ṣe ga tó tàbí bó ṣe wúwo tó. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mímí ni mo fọkàn tán jù, torí pé àyà ń wú, ó sì ń fọn, gbangba ni. Ìgbóná ara rọrùn láti wọ̀n, ó sì rọrùn láti ṣì wọ̀n. Lílù ọkàn ṣeé wọ̀n bí aláìsàn bá dúró jẹ́ẹ́. Ti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ṣì kù díẹ̀ káàtó. Mo máa dé orí wọn.

Báwo ni tẹmómítà tí wọ́n ń nà sí iwájú orí ṣe ń mọ̀ pé ara gbóná?

Gbogbo ohun tó bá ní ooru ló ń tú ìtànṣán infrared jáde, bí ojú wa ò tilẹ̀ rí i. William Herschel ló ṣàwárí rẹ̀ ní 1800. Ó fi dígí pín ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí oríṣiríṣi àwọ̀, ó gbé tẹmómítà kọjá ibi tí àwọ̀ pupa parí sí, níbi tí ojú kò ti rí nǹkan kan, ó sì rí i pé ooru wà níbẹ̀. Awọ èèyàn náà ń tú ìtànṣán yìí jáde nígbà gbogbo. Tẹmómítà ọ̀hún ń gbà á, ó ń wo bó ṣe pọ̀ tó, ó sì ń sọ ọ́ di nọ́ńbà.

Ibi tó yẹ kí ẹ ti fara balẹ̀ rèé: ojú awọ kì í gbóná tó inú ara. Ẹni tí inú ara rẹ̀ wà ní 37°C lè ní iwájú orí tó wà ní nǹkan bíi 34°C. Nọ́ńbà tó hàn kọ́ ni ẹ̀rọ rí. Ó rí ti iwájú orí, ó wá fi ìṣirò bù lé e kó lè bá ti inú ara dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ní ètò méjì, ọ̀kan fún ara èèyàn, èkejì fún ohun mìíràn bíi omi tàbí ògiri. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì yí i sí ti ohun mìíràn, aláìsàn tí ibà ń jó máa dà bí ẹni tí ara rẹ̀ tutù. Kí ẹ tó fi ẹ̀sùn kan bátìrì, ẹ kọ́kọ́ wo ètò tó wà lórí rẹ̀.

Kí ló dé tó fi ń fún mi ní nọ́ńbà mìíràn ní gbogbo ìgbà tí mo bá wọ̀n ọ́n?

Lọ́pọ̀ ìgbà, àyíká ló fà á. FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ, oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n lo irú tẹmómítà yìí níbi tí atẹ́gùn kò ti ń fẹ́ sí i, tí oòrùn kò ta sí, tí kò sì sí nítòsí ohun tó ń mú ooru wá. Kí yàrá náà wà láàárín 16°C sí 40°C, kí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ má tó 85 nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n sì ti gbé ẹ̀rọ náà sínú yàrá fún ìṣẹ́jú 10 sí 30 ṣáájú, kó lè bá ibẹ̀ mu. Tẹmómítà tí ẹ yọ nínú ọkọ̀ tó ti jókòó sínú oòrùn, tí ẹ wọn aláìsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò ní sọ òótọ́ fún yín.

Iwájú orí náà ní láti mọ́, kó gbẹ. Òógùn ń mú awọ tutù. Ìbòrí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ń mú un gbóná. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́jú tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú oòrùn wọlé kò tíì ṣeé wọ̀n. Ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀.

Ìjìnnà tún ńkọ́? Bí ẹ bá ṣe ń sún sẹ́yìn ni ibi tí ẹ̀rọ ń wò ń fẹ̀ sí i. Tí ó bá fẹ̀ ju iwájú orí lọ, irun, etí fìlà àti ògiri ẹ̀yìn máa dà pọ̀ mọ́ ìṣirò. Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá máa ń sọ iye sẹ̀ǹtímítà tó yẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á.

Ṣé òótọ́ ni pé ó ń ta ìtànṣán sí ọpọlọ?

Rárá. Ahesọ yìí gbilẹ̀ ní 2020, ó sì mú kí àwọn kan máa nà án sí ọwọ́ dípò iwájú orí, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ń tutù, ó ń gbóná, kò dúró sójú kan. Gbígbà ni tẹmómítà yìí ń gba ìtànṣán tí ara yín fúnra rẹ̀ ń tú jáde. Kò ta nǹkan kan wọnú orí. Tó bá ní iná pupa kékeré, atọ́ka ni, kí ẹni tó mú un lè mọ ibi tó kọjú sí. Kí wọ́n má kàn tan án sójú ẹnikẹ́ni.

Kámẹ́rà ooru tó ń wo èrò púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́?

Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló yẹ kó máa wò, kí onítọ̀hún dúró, kó kọjú sí i, kó bọ́ awò ojú rẹ̀. Igun ojú lápá imú ni ibi tó dára jù láti wò, torí pé ó súnmọ́ ooru inú ara ju iwájú orí lọ. Ẹ sì rántí pé ibà nìkan ló ń wá. Ẹni tó ti kó àrùn tí ara rẹ̀ kò tíì gbóná máa kọjá wẹ́rẹ́.

Báwo ni kámẹ́rà lásán ṣe lè ka lílù ọkàn láti ojú èèyàn?

Èyí ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù, èmi náà fẹ́ràn láti ṣàlàyé rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ọkàn bá lù, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sí i máa ń wọ àwọn iṣan tíntìntín tó wà lábẹ́ awọ ojú. Ẹ̀jẹ̀ máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, pàápàá ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé, nítorí hemoglobin, èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pupa, tó wà nínú rẹ̀. Torí náà, bí ọkàn ti ń lù, ojú èèyàn ń ṣókùnkùn, ó sì tún ń mọ́lẹ̀, lọ́nà tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i láéláé. Kámẹ́rà ń rí i. Kọ̀ǹpútà máa ń mú iwájú orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, á ṣírò bí àwọ̀ ewé ṣe pọ̀ tó nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan, ní ìwọ̀n 30 àwòrán láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, á sì wá ìgbì tó ń lọ tó ń bọ̀ ní ìwọ̀n tí ọkàn èèyàn lè máa lù.

Olùwádìí kan, Verkruysse, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2008 pé ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ lásán àti kámẹ́rà tí ẹnikẹ́ni lè rà tó fún iṣẹ́ yìí. Ní 2010, àwọn olùwádìí Poh, McDuff àti Picard ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà ṣe é pẹ̀lú kámẹ́rà orí kọ̀ǹpútà, èèyàn mẹ́ta sì lè jókòó papọ̀ níwájú rẹ̀.

Àmì tí wọ́n ń wá yìí kéré púpọ̀, ohun kékeré ló ń bò ó mọ́lẹ̀. Bí aláìsàn bá ń sọ̀rọ̀, tó yí orí, tí gílóòbù ń ṣẹ́jú, tí àtíkè bo ojú, kọ̀ǹpútà lè gbá òmíràn mú, kó pè é ní ọkàn. Fídíò tí wọ́n fún pọ̀ kó má baà gba àyè, tàbí kó lè gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kọjá, burú jù: àwọn ìyàtọ̀ kékeré wọ̀nyẹn gan-an ni fífún pọ̀ máa ń gé dànù, torí pé ojú èèyàn kò nílò wọn. Ẹ̀rọ tó dára máa sọ pé òun kò rí àmì, kò sì ní gbé nọ́ńbà kankan jáde. Èyí tí kì í sọ bẹ́ẹ̀ láéláé, mi ò ní fọkàn tán an.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ bákan náà lára ẹni tó dúdú?

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ bi ẹni tó ń ta kámẹ́rà irú èyí nìyí. Melanin, èròjà tó ń mú awọ dúdú, ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Bí awọ bá ṣe dúdú tó ni ìmọ́lẹ̀ tó padà dé kámẹ́rà ń dín kù tó, àmì ẹ̀jẹ̀ á sì máa tín-ín-rín sí i. Ó ṣeé tún ṣe, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ dáadáa àti ìṣirò tí wọ́n fi onírúurú awọ kọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi awọ funfun nìkan kọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ kò tíì tún nǹkan kan ṣe.

A ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí wọn ò bá bèèrè. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń há mọ́ ìka láti wo ọ́síjìn, tí Takuo Aoyagi pilẹ̀ ní Japan láàárín ọdún 1972 sí 1974, ti wà ní ilé ìwòsàn gbogbo ayé fún ẹ̀wádún mélòó kan. Ní December 2020, ìwádìí kan láti Michigan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine. Wọ́n wo àwọn aláìsàn tí ẹ̀rọ ní ọ́síjìn wọn wà ní 92 sí 96 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì fi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà wé e. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, 11.7 nínú ọgọ́rùn-ún àyẹ̀wò fi hàn pé ọ́síjìn wọn ti bọ́ sísàlẹ̀ 88. Láàárín àwọn aláwọ̀ funfun, 3.6 ni. Ó lé ní ìlọ́po mẹ́ta. Èèyàn ni nọ́ńbà wọ̀nyẹn, èèyàn tí èémí ń tán lọ lára wọn tí ẹ̀rọ ń sọ pé kò séwu. Ní 2022, ìwádìí mìíràn nínú JAMA, ìwé ìròyìn ìṣègùn mìíràn, rí i pé tẹmómítà tí wọ́n ń fi wọn ẹ̀gbẹ́ orí ń pàdánù ibà lára àwọn aláwọ̀ dúdú ju èyí tí wọ́n ń fi sẹ́nu lọ. Ẹ̀rọ méjèèjì yẹn ń kan ara. Àmì tí kámẹ́rà ń rí tún kéré ju tiwọn lọ. Ẹ bèèrè irú àwọn tí wọ́n fi dán ẹ̀rọ wò, kí ẹ sì bèèrè àbájáde àwọn aláwọ̀ dúdú lọ́tọ̀. Àpapọ̀ tó dára lè bo ohun tí kò dára mọ́lẹ̀.

Radar tí wọ́n gbé sórí ibùsùn, báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?

Ó ń ta ìgbì rédíò jáde, ó sì ń gbọ́ èyí tó padà, bí ìgbà tí èèyàn pariwo níwájú àpáta tí ohùn rẹ̀ sì dá a lóhùn. Bí àyà bá súnmọ́ ọn díẹ̀, ìgbì tó padà á yí díẹ̀. Bí àyà bá fọn, á tún yí padà. Mímí ń gbé àyà ní nǹkan bíi mílímítà 4 sí 12. Lílù ọkàn ń mì ín ní ìwọ̀n tí kò tó mílímítà kan, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ tàbí kí ó kéré sí i. Ìgbì radar tó wà ní 60 GHz gùn tó mílímítà 5 péré, ìdí nìyẹn tó fi lè mọ irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ náà ti pẹ́: olùwádìí James Lin ti fi ìgbì máíkíró wo mímí ní 1975. Lẹ́yìn ìsẹ̀lẹ̀ Nepal ní 2015, ẹ̀rọ FINDER tí ilé iṣẹ́ JPL ti NASA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ojú sánmà, bá wọn ṣe gbọ́ lílù ọkàn ọkùnrin mẹ́rin lábẹ́ àwókù ilé, wọ́n sì yọ wọ́n láàyè.

Àǹfààní rẹ̀ pọ̀. Ó ń ríran nínú òkùnkùn, ó ń la aṣọ àti bùláńkẹ́ẹ̀tì kọjá, kò sì bìkítà nípa àwọ̀ ara. Aláìsàn lè sùn, kí ẹnikẹ́ni má jí i láàárín òru.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí mímí díẹ̀. Ó wà lára ohun tó kọ́kọ́ ń yí padà bí àìsàn bá fẹ́ le, síbẹ̀ òun ni wọ́n ń fojú díwọ̀n jù ní wọ́ọ̀dù. Ó yẹ kí nọ́ọ̀sì kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ẹlòmíràn sì ń pè é. Kíkà yìí náà ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, gbé òṣùwọ̀n òtútù àyà ọmọdé lé: 60 lọ sókè ní ìṣẹ́jú kan fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2, 50 lọ sókè fún ọmọ oṣù 2 sí 11, 40 lọ sókè fún ọmọ oṣù 12 sí 59. Ẹ̀rọ tó bá lè kà á láìṣàárẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ńlá.

Ohun tó ń dà á láàmú ni mímì tí kì í ṣe ti àyà: fáànù, aṣọ fèrèsé, ẹni tó jókòó ti ibùsùn. Bí ìyá bá gbé ọmọ lé àyà, èémí ta ni radar ń kà? Bí aláìsàn bá ń yí kiri, lílù ọkàn á pòórá, mímí nìkan lè kù.

Ṣé ìgbì rẹ̀ kò léwu?

Agbára rẹ̀ kéré gan-an, kì í sì í ṣe irú ìtànṣán tí wọ́n fi ń ya fọ́tò eegun. Kò lè ba èròjà inú ara jẹ́ bí ti X-ray.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń fẹ́ ẹ fún ọmọ tí wọ́n bí láìpé oṣù?

Nítorí awọ wọn. Awọ ọmọ tó wá ṣáájú àkókò tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé bí wọ́n bá ṣí àlẹ̀mọ́, awọ lè bá a lọ. Ojú ọgbẹ́ yẹn á di ẹnu ọ̀nà fún kòkòrò àrùn, lára ọmọ tí kò tíì ní agbára láti bá a jà. Àwọn okùn náà tún ń ṣòro fún ìyá tó fẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Mo rò pé kò sí ibòmíràn tí ìmọ̀ yìí ti níye lórí tó báyìí. Àwọn olùwádìí Oxford ti fi kámẹ́rà wo irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ilé ìwòsàn John Radcliffe, wọ́n sì rí lílù ọkàn àti mímí kà nígbà tí ọmọ bá dúró jẹ́ẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ sì tó.

Àmọ́ ewu kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo òbí àti nọ́ọ̀sì mọ̀. Ọmọ báyìí máa ń dákẹ́ mímí nígbà mìíràn. Tó bá tó ìṣẹ́jú àáyá 20, ọ̀rọ̀ ti di pàjáwìrì. Bí ọ̀nà ọ̀fun bá dí, àyà ọmọ ṣì ń mì, ó ń sapá, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò wọlé. Radar àti kámẹ́rà rí mímì, wọ́n kà á sí mímí. Ọ́síjìn tó ń lọ sílẹ̀ ló máa tú u fó. Nítorí náà, ẹ̀rọ tó ń wo ọ́síjìn lẹ́sẹ̀ ọmọ kò tíì ṣeé yọ.

Fóònù mi ní òun lè wo ìfúnpá mi láti ojú mi. Ṣé kí n gbà á?

Ẹ má fi ṣe ìpinnu oògùn. Ìgbànú apá tí dókítà Riva-Rocci ṣe ní 1896, tí dókítà Korotkoff fi ìró inú iṣan kún ní 1905, ń tẹ iṣan pa, ó sì ń wo agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi là á kọjá. Kámẹ́rà kò tẹ nǹkan kan. Ó ń wo bí ìgbì ẹ̀jẹ̀ ṣe rí lójú, ó wá ń fojú inú wo ìfúnpá, nígbà mìíràn pẹ̀lú ọjọ́ orí àti ìwọ̀n ara tí ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀ fún un. Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ga lójijì lè máa gba nọ́ńbà tó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu. Ẹ lo ìgbànú.

Kí ni kámẹ́rà ń wá ní wíwọn ìwọ̀n ara?

Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù kò lè dìde gun òṣùwọ̀n, bẹ́ẹ̀ oògùn alteplase tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, 0.9 mílígíráàmù fún kílò kọ̀ọ̀kan ni, àpapọ̀ rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 90 lọ. Bí dókítà bá fojú díwọ̀n tó sì ṣì í, oògùn á kéré jù, tàbí kó pọ̀ débi tí ẹ̀jẹ̀ fi lè tú nínú ọpọlọ. Kámẹ́rà tó ń wọn bí nǹkan ṣe jìnnà sí i tó, tí wọ́n gbé kọ́ sórí ibùsùn, lè ya ìrísí ara kó sì ṣírò kílò rẹ̀ kíákíá. Bùláńkẹ́ẹ̀tì ńlá ń dà á rú. Irú kámẹ́rà yìí náà ló ń tọ́ aláìsàn sí àárín ẹ̀rọ CT tó ń ya àwòrán inú ara, òun ló sì ń ṣọ́ bí ara ṣe dúró nígbà tí wọ́n bá ń fi ìtànṣán tọ́jú jẹjẹrẹ.

Ṣé wọ́n lè máa wò mí láìsọ fún mi?

Kò yẹ. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbé kámẹ́rà tó ń ka mímí àti lílù ọkàn sínú yàrá ibùsùn àwọn ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ kan. Àwọn aláìsàn fẹ̀hónú hàn pé wọn kò gba ìyọ̀ǹda àwọn, àti pé kámẹ́rà nínú yàrá ń dá kún ìbẹ̀rù ẹni tí ìbẹ̀rù gan-an jẹ́ àìsàn rẹ̀. Ní 2025, NHS England, àjọ ìlera ìjọba níbẹ̀, gbé ìlànà jáde tó fi ìyọ̀ǹda aláìsàn síwájú. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè bóyá ó ń ya àwòrán, ibi tí àwòrán ń lọ, ẹni tó ń wò ó àti ọjọ́ tí wọ́n máa pa á rẹ́. Radar kò ya ojú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó mọ ìgbà tí ẹ sùn, ìgbà tí ẹ jí àti ìgbà tí ẹ kúrò lórí ibùsùn. Ìyọ̀ǹda kan òun náà.

Ẹ̀rọ ní kò sí nǹkan tó ṣe mí, ṣùgbọ́n ara mi ń sọ pé nǹkan wà. Èwo ni kí n gbà?

Ẹ sọ ohun tí ara yín ń sọ, ẹ sì ní kí wọ́n fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n: tẹmómítà ẹnu tàbí abíyá, ìgbànú apá, ìka lórí iṣan ọrùn ọwọ́, kíkà èémí fún ìṣẹ́jú kan. Bí èémí bá ń há, bí ètè tàbí inú ẹnu bá ń yí àwọ̀, bí ọkàn bá ń dàrú, bí ọmọ kò bá mu ọmú mọ́ tàbí tí kò ṣeé jí, ẹ má dúró de nọ́ńbà kankan. Ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀.